Àwọn Alùpùpù Tí Wọ́n Ní Kì Í Bàjẹ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Ìbàdàn Gáréèjì títí dé àárín àwọn oníṣòwò Òkè-Àjẹ́, pé alùpùpù ayé òyìnbó, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀, kì í bàjẹ́, nítorí pé ojúlówó irin ni wọ́n fi ṣe é, àti pé páànù lásán ni èyí tí ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wá lónìí. Wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ débi pé àwọn ọ̀dọ́ tí kò fojú kan irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ rí ń búra lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àwọn ará àtijọ́ ti mọ gbogbo ohun tí ó yẹ ní mímọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn kàn jókòó tí wọ́n ń gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rí wà ni ìdíje TT, eré alùpùpù tí wọ́n máa ń sá ní erékùṣù Isle of Man, láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, lórí títì kan náà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ sọ́jà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1920, wọ́n sì ń sá a títí di 1939. Ìyípo kan ju máìlì 37 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell kọjá. Láti 1926 títí di 1939, ìyípo méje ni Senior, ìyẹn ìdíje àwọn ẹ́ńjìnnì 500 cc. Máṣíìnì tí ó dára jù lọ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ jù lọ, nítorí náà bí irin àtijọ́ kì í bá bàjẹ́ níbì kankan, ibẹ̀ ni ì bá má ti bàjẹ́.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì wo ìtàn Jimmie Simpson, ọ̀kan lára àwọn tí ń sá TT láyé ìgbà náà. Ní 1924, lórí AJS, ọ̀kan lára àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sá ìyípo kan ní eré tí ó ju máìlì 60 lọ ní wákàtí kan. Ní 1926, lórí AJS mìíràn, òun náà ni ó kọ́kọ́ ré 70 kọjá. Ní 1931, lórí Norton, òun kan náà ni ó kọ́kọ́ ré 80 kọjá. Kò borí nínú ọ̀kankan nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1931, ṣíṣubú ni ó ṣubú. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, máṣíìnì ni kò mú un dé òpin, ó ṣe tán, kò sí ará Ìjẹ̀bú-Òde kankan nítòsí tí yóò ṣàlàyé fún AJS náà pé kì í bàjẹ́. Ó di 1934 kí ó tó gba ife-ẹ̀yẹ TT kan ṣoṣo ní ayé rẹ̀, lórí Rudge, nínú ìdíje àwọn ẹ́ńjìnnì 250 cc, ọdún yẹn gan-an ni ó sì fi eré sísá sílẹ̀.

Ohun tí ń ba àwọn máṣíìnì wọ̀nyí jẹ́ kì í ṣe àwámáàrídìí. Fáàfù, ìyẹn irin olórí bí olú tí ń ṣí tí ó sì ń dí ihò tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, a máa gbóná títí yóò fi pọ́n, orí rẹ̀ a sì já bọ́ sínú sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì a fọ́. Ọ́ìlì kì í yípo padà sínú táǹkì rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920: ẹni tí ó gùn ún ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́ǹpù ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì bí ó ti ń sáré lọ, èyí tí ẹ́ńjìnnì bá sì lò tán a jó dànù tàbí kí ó kán sójú títì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọkàn ẹni náà bá ṣí kúrò lára pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì lè nọ́ọ̀kì. Howard Davies, tí táyà rẹ̀ jò nínú Junior, ìyẹn ìdíje àwọn ẹ́ńjìnnì 350 cc, ní 1921, tí ó sì tún fi AJS 350 cc borí nínú Senior ní ọ̀sẹ̀ kan náà, rí ìjákulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ máṣíìnì ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e tí ó fi dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, HRD, ní 1924, ó sì fi máṣíìnì ilé-iṣẹ́ náà gba Senior ní 1925. Ta ni yóò ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ bí èyí tí ó wà lọ́jà kì í bá bàjẹ́? Nínú fífọ́ wọ̀nyí ni àwọn oníṣẹ́ ti kọ́ irin fáàfù tí ó lè fara da iná àti bí ọ́ìlì yóò ṣe máa yípo, nígbà tí ó sì fi di 1938, Harold Daniell fi Norton sá ìyípo kan ní máìlì 91 ní wákàtí kan. Láàrin ogun méjèèjì gan-an, èyí tí ó dé kẹ́yìn ni ó lágbára jù.

Àwọn tí ń sọ pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣáà ju gbogbo rẹ̀ lọ gbàgbé pé Moto Guzzi ti Ítálì gba Senior ní 1935, BMW ti Jámánì sì gbà á ní 1939. Àwọn tí ń tọ́ka sí ògbólógbòó kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àgbàlá bàbá ẹnì kan kò ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó ti di àlòkù irin. Ẹni tí ó bá sì mú James Wilson àti Francis Flood wá, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n gun alùpùpù láti Èkó dé etí Òkun Pupa ní ìparí àwọn ọdún 1920, kí ó rántí pé odidi ìwé ni Wilson kọ nítorí pé wọ́n dé: ta ni ń kọ ìwé lórí ohun tí gbogbo máṣíìnì ń ṣe?

Ìtọ́jú ni ń mú ẹ́ńjìnnì pẹ́, ó sì yẹ kí èyí hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì rí. AJS Simpson gbé ènìyàn kan ṣoṣo, ó sì ní òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣìkẹ́ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Alùpùpù Bajaj ti Íńdíà tí ń gbé èrò méjì àti àpò gàrí kan láti Òkè-Àjẹ́ lọ sí Àtàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n ń da ọ́ìlì àlòkù sí nínú, tí wọn kì í sì í wo ṣéènì rẹ̀ àyàfi tí ó bá já, kò ní irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn tí ń pè é ní páànù ń gùn relé.