Ìdágbére Tí Ó Pẹ́ Fún Ogún Ọdún

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun kó ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ méjì sínú mọ́tò, tí wọ́n sì fi ọjọ́ méjì rìn, nítorí pé àwọn onílù kan fẹ́ dágbére, kí ni ẹ ó wí? Mo mọ ohun tí ìyá aláṣọ ní Dùgbẹ̀ yóò wí: "Owó ọjà ni wọ́n lọ ná fún onílù yẹn!" Tíṣà yóò sì béèrè bóyá kò sí rédíò nílé wọn ni. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ní ọdún 1965 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Grateful Dead. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkú tí ó moore, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Jerry Garcia ni ó ń ta jìtá, òun náà sì ni ó ń kọ púpọ̀ nínú orin wọn. Àwọn olólùfẹ́ wọn a máa tẹ̀ lé wọn láti ìlú dé ìlú, bí alájàpá ti ń ná ọjà kiri, nítorí pé eré tòní kì í rí bí ti àná. Ẹgbẹ́ náà gbà kí ènìyàn gba orin wọn sórí téèpù, kí ó sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti tà á. Níta pápá ìṣeré, àwọn mìíràn a pàtẹ ẹ̀wù aláràbarà, ìlẹ̀kẹ̀ àti oúnjẹ, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọkọ̀ dé ìlú tí ó kàn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rí i pé kì í ṣe ìnákúnàá nìkan.

Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1995, wọ́n ṣeré ní pápá Soldier Field, ní Chicago. Nígbà tí ó parí, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà, Garcia kú, ẹni ọdún 53. Àṣé wọ́n ti rí i kẹ́yìn, wọn kò mọ̀. Ẹni tí ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láàyè lọ sí ìdálẹ̀, tí ó padà wá bá sàréè, yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ogún ọdún kọjá. Ní ọdún 2015, Phil Lesh, Bob Weir, Bill Kreutzmann àti Mickey Hart kéde pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣeré papọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ní Soldier Field kan náà, ní ọjọ́ 3, 4 àti 5 oṣù keje. Ẹni tí ó bá fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì lè fi mọ́níọ́dà sínú àpòòwé, kí ó fi ránṣẹ́. Àpòòwé tí ó dé lé ní 60,000! Àwọn arúgbó onírun funfun sì jókòó, wọ́n ń fi ọ̀dà ya àwòrán sí i lára bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀pọ̀ ni a dá owó rẹ̀ padà. Wọ́n wá fi alẹ́ méjì kún un ní Santa Clara, ọjọ́ 27 àti 28 oṣù kẹfà, níbi tí òṣùmàrè ti yọ sójú ọ̀run lórí pápá lálẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti tún un tà gbé e dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣíọ̀! Òwò ni, ṣùgbọ́n òwò tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú kò wù mí.

Nínú mọ́tò ènìyàn márùn-ún tí ó ní tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ta ni yóò dúró síta? Àwọn kan á ní kí a fún ọmọdé. Èmi kò gbà. Àgbà tí ó wà níbẹ̀ ní 1995 ni kí ó wọlé. Òun ni kò tíì dágbére.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé pẹ̀lú. Mickey Hart tí ń lùlù fún wọn, ọ̀rẹ́ Babatunde Olatunji ni, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì. Ní 1991, wọ́n jọ ṣe àwo Planet Drum, Sikiru Adepoju ọmọ Ẹ̀rúwà sì lu gángan nínú rẹ̀. Àwo náà ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Grammy fún orin àgbáyé.

Àwọn kan kùn pé kí ọdún 2015 tó parí, Weir, Hart àti Kreutzmann ti dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, Dead & Company. Irú ìdágbére wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n Lesh kò sí níbẹ̀. Láti ọdún 1998 ni ó ti ń fi ẹ̀dọ̀ tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ti kú fi sílẹ̀ ṣe ẹ̀mí, kì í sì í ṣeré tán láìbẹ àwọn ènìyàn pé kí àwọn náà fi ẹ̀yà ara wọn tọrẹ. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹni ọdún 84. Àwọn ọmọ tí òbí wọn gbé lọ sí Chicago lọ́dún náà lè sọ pé àwọn rí i, àwọn sì juwọ́ sí i.