Ta Ló Bá Yín Yàn Án?

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní yunifásítì,

Àná, ọjọ́ Ajé, mo lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé penṣọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́nu géètì yunifásítì tó wà nítòsí wa. Wọ́n tún ti ní kí àwa àgbà wá fojú hàn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá a ti kú. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Orí bẹ́ńṣì ni mo wà tí ọmọbìnrin kan fi wọlé, tó gbé ìwé pélébé kan síwájú ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Sáà tuntun ń bọ̀, ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Àǹtí, gbogbo kọ́ọ̀sì dandan ti wọlé. Ó ku yúníìtì méjì. Kọ́ọ̀sì mẹ́fà ni wọ́n kó síbí pé kí ẹ mú ọ̀kan. Èwo ni ká mú?"

Ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. "Bọ̀dá, ẹ ṣáà mú èyí tó bá rọrùn."

"Èwo ló rọrùn níbẹ̀?"

"Èyí tí àwọn tó kù ń mú."

Ó sanwó, ó yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ káàsán, Bàbá," ó sì jáde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá àwọn ọmọ mi kì í fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yan tòmátì ní ọjà Bódìjà, ọbẹ̀ ọjọ́ méjì péré sì ni tòmátì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó gbé sílẹ̀ níbẹ̀. Yúníìtì méjì jẹ́ wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n wákàtí kí sáà tó parí. Yúníìtì 15 ni akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ní sáà kan, 24 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú ìyẹn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ti bu tiwọn, fákọ́tì ti bu tiwọn, GST ti bu tiẹ̀. Láti ọdún 2023 tí ìlànà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ ó kọ́ ni àjọ NUC ti tò sílẹ̀ láti Àbújá. Ìdá 30 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yunifásítì láti fi kún un. Kí ó tó kan ìwọ ọmọ, ó ti ku ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó lé ọ lórí, yúníìtì méjì yìí nìkan ni wọ́n bi ọ́ léèrè pé kí ni o fẹ́. Òun náà lo tún gbé fún ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọ̀dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí ni a ti yan orí. Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn débẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé orí ńlá tó wù wọ́n lójú, òjò sì bà á jẹ́ mọ́ wọn lórí lójú ọ̀nà ayé. Wọ́n ṣì í yàn, ṣùgbọ́n àwọn ló yàn án. Àkúnlẹ̀yàn ni wọ́n pè é. N kò tíì gbọ́ àbániyàn rí.

Ọdún 1974 ni mo wọ Yunifásítì Ifẹ̀. Orí ìwé ni fọ́ọ̀mù tiwa wà. À ń gbé e kiri láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka nínú oòrùn, a sì ń to ìlà fún ìbuwọ́lù bí ẹni ń to ìlà omi. Olùdámọ̀ràn mi, ọkùnrin kúkurú kan báyìí, kì í bu ọwọ́ lu nǹkan kan àfi tí o bá dá a lóhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló dé tí o fi mú èyí?" Jọ́gíráfì ni mo ń kà. Mo wá lọ kọ kọ́ọ̀sì kan lórí ìró èdè Yorùbá síbẹ̀. Mo ní ìfẹ́ àṣà wa ló mú mi. Irọ́ ni. Nítorí ọmọbìnrin kan ní Moremi, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ni. Ó wò mí tìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lù ú.

Ọmọbìnrin náà fi kọ́ọ̀sì ọ̀hún sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ojú kò jẹ́ kí èmi lè fi í sílẹ̀. C ni mo gbà. Àmì ohùn tí ẹ ń rí lórí àwọn ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Jọ́gíráfì ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọdún 33, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àmì ohùn ló ń fi ẹran sọ́bẹ̀ mi: àwọn atẹ̀wé ń kó iṣẹ́ wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ rẹ́rìn-ín bó ti wù yín. Mo jẹ́wọ́ pé ìdí tèmi kò sàn ju tiyín lọ. Ìdí burúkú ni, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ní Ifẹ̀ ìgbà náà, Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní Yorùbá. Ìtàn ni òun fúnra rẹ̀ fi gba oyè àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, èdè Faransé ló kà. Wọ́n fo ọgbà ẹ̀kọ́ tiwọn bọ́ sínú Yorùbá. Kò sí ẹni tó bá wọn fò ó.

N ó gbà fún yín níbì kan, bó tilẹ̀ ń le lẹ́nu mi. A kò dúró lójú fèrèsé gbọ́ ohùn olùkọ́ nígbà tiwa. Ẹlòmíràn nínú yín kò mọ bí ojú olùkọ́ rẹ̀ ti rí. Láti 14 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ilé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wà nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn agbanisíṣẹ́ sì wà tó ń ní ẹni tí kò bá ní tú-wàn kó má wulẹ̀ kọ̀wé sáwọn, 3.50 ni tú-wàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ẹni tó bá wà ní 3.48, àyà rẹ̀ yẹ kó já. Olùkọ́ tó ń pín F bí ẹni ń pín àkàrà sàráà náà wà. Mo mọ̀ wọ́n. A jọ ń mu ẹmu ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ àná yìí kò sọ ìkankan nínú èyí. Bó bá ní, "Bọ̀dá, kárí-óvà méjì wà lọ́rùn mi, ẹ wá èyí tó fúyẹ́ fún mi," ǹ bá dá a láre, ǹ bá tún sanwó náà fún un. Kò tilẹ̀ ka orúkọ kọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tí àwọn tó kù ń mú! Ta ni àwọn tó kù? Àwọn náà ń béèrè lórí WhatsApp pé kí ni àwọn tó kù ń mú. Gbogbo yín á wá rọ́ kún inú kíláàsì kan, ẹ kò sì ní rí ẹnì kan tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé.

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo bi ọmọkùnrin kọ̀ǹpútà pé èwo ló wá mú fún un. Kò wo ojú kọ̀ǹpútà tó fi ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún mi pẹ̀lú kóòdù wọn, ó sọ èyí tó ní ìrìn-àjò nínú àti èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ọdún kẹta. Ẹnu yà mí. Mo ní kí ni òun kà. Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe JAMB." Ẹni tí wọ́n ń fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn. Mo ní ká ní òun ni ńkọ́, èwo ni ì bá mú? Kò ronú rárá. Ó fi ìka tọ́ka sí ìkẹrin: bí a ṣe ń ya máàpù.

Mo ní, "Ṣé òun lo mú fún un?"

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ìyẹn le. Èyí tó rọrùn ni wọ́n ní kí n mú."

Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o gbàgbé fọ́ọ̀mù rẹ sórí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọkùnrin náà ti fi í sínú ọ̀rá, kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ó ní títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣì ń gbà kí èèyàn yọ ọ̀kan kúrò kó fi òmíràn rọ́pò.

Èmi bàbá yín,
Tíṣà fẹ̀yìntì kan, Ìbàdàn.