Wáyà Kì Í Ṣe Awo: Ẹ Kọ Orúkọ Sí I

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójú ara wa lónìí. Ẹnjiníà tó ki wáyà 24 bọ inú switch láì kọ orúkọ sára ẹyọ kan ò tíì parí iṣẹ́. Kó má gba bálánsì. Mo mọ̀ pé á bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. 🧵

2/ Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: switch ni àpótí tó ní ihò tó tò lọ, 8, 16, 24 tàbí 48, tí iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní port. Kọ̀ǹpútà, printer, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, Wi-Fi ara ògiri, ibẹ̀ ni wáyà gbogbo wọn ń bọ̀.

3/ Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí mo dé, wáyà gbogbo á jẹ́ àwọ̀ kan náà, á lọ́ mọ́ra bí irun tí kò rí òòyà. Printer ò ṣiṣẹ́. Wáyà wo ni tiẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n á máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnì kan á fi pariwo láti yàrá kejì: "Ta ló já íntánẹ́ẹ̀tì mi?!"

4/ "Ṣebí iná ń tàn lára ẹ̀?" Iná yẹn kàn ń sọ pé wáyà dé ibì kan ni, kò sọ ibi tó dé. Wáyà tín-ín-rín 8 ló wà nínú ẹ̀. Kó tó lè sáré dé 1Gbps, gbogbo 8 ló gbọ́dọ̀ délé. Tí ọ̀kan bá já, ó lè rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 100Mbps, iná á ṣì máa tàn. Ẹ̀yin ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ̀ ń bú ẹni tó ta dátà fún yín.

5/ Èyí tó burú jù ni loop. Ẹnì kan rí orí wáyà nílẹ̀, ó ní kóun ṣoore, ó kì í bọ ihò tó ṣófo. Kò mọ̀ pé orí kejì ti wà lára switch kan náà! Ìsọfúnni á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, á máa bí sí i, kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo ọ́fíìsì ti dákẹ́. Obìnrin kan, Radia Perlman, ti wá ojútùú sí i láti 1985, Spanning Tree Protocol. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ switch olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà ò ní in. Bébà àti báírò ló kù fún wa.

6/ Kí ló dé tí wọn kì í kọ ọ́? Wọ́n á ní kò sáyè. Irọ́. Ọ̀gá kan sọ ọ́ létí mi: "Tó o bá kọ ọ́ tán, ta ló máa tún pè ẹ́?" Ìyẹn ni pé káwọn nìkan jẹ́ awo, ká di ọ̀gbẹ̀rì nínú ọ́fíìsì wa.

7/ Ẹ má pe ìyẹn lọ́gbọ́n jàre. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n rán lọ́jọ́ Sunday kó lọ tọpa wáyà ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ já ní ilé ìdánwò CBT, tí àkókò ń lọ, ló ń jẹ ẹ́.

8/ Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wáyà náà nìyẹn. Wo yàrá tó ń lọ, kó o sọ ọ́: "Akáńtì 2". Orí méjèèjì, orúkọ kan náà. Fi sẹ́lótéèpù bò ó. Kọ nọ́ńbà ihò àti orúkọ wáyà sínú bébà kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ switch. Ó parí.

9/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sanwó: kẹ́ ẹ tó san bálánsì, ẹ nawọ́ sí wáyà kan, ẹ bi í: "Níbo lèyí ń lọ?" Tó bá ní kóun kọ́kọ́ yọ ọ́ wò, ẹ mú owó yín dání.

10/ Iṣẹ́ tó dáa ni kí wọ́n fi máa pè ẹ́ padà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà yín. Tó bá bínú, ẹ ti mọ ìdí.