Ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan: ẹ jẹ́ kí ará Ajégúnlẹ̀ sọ tẹnu wọn



Nígbàkigbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Èkó, ìbéèrè kan wà tí a kì í bèèrè dáadáa: ta ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà? Ìjọba á ní àwọn lòfin fún. Ìdílé onílẹ̀ á ní ti àwọn ni. Ayálégbé tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó bímọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é sípàdé. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń gbé láti Creek Road ní Àpápá títí wọ Ajégúnlẹ̀. Ó sì kan àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà.

Ilẹ̀ Àpápá gan-an ló fa ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ ilẹ̀ tó lókìkí jù lọ ní Èkó. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ tí Olóyè Amọdu Tijani, Olúwa ti Èkó, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ní lórí ilẹ̀ náà kò ju kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní oṣù Keje 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre. Wọ́n ní gbogbo àwùjọ ló ni ilẹ̀, pé ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní olówó, àti pé alámòójútó ni olóyè jẹ́ lórí rẹ̀ nítorí gbogbo wọn.

Kì í ṣe àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa ní èyí. Àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Inú ilẹ̀ la ń bo ibi ọmọ sí, inú rẹ̀ la ń sin òkú sí, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn Ògbóni fi ń mulẹ̀. Ẹni tó bá da ilẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1973, ìjọba kó àwọn ará abúlé Olúwọlé ní Ìgànmú kúrò kí wọ́n lè kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ṣí ní 1976, tí àjọ̀dún FESTAC sì wáyé níbẹ̀ ní 1977. Nítorí ayẹyẹ àṣà àwa ènìyàn dúdú ni abúlé kan ṣe parẹ́. Bàdíà, nítòsí Ìjọrà, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ní 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí ire gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2013, katakata wọ Ìlà-oòrùn Bàdíà. Ó kéré tán, 9,000 ènìyàn ló kàn, gẹ́gẹ́ bí Amnesty International ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ìgbé 1,008 ni ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ètò tí wọ́n fi ń ta irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà ń fẹ́ àsansílẹ̀ àti ẹ̀yáwó báńkì tí a ó máa san fún ọdún pípẹ́. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún ayálégbé kan lẹ́yìn náà kò ju ₦90,400 lọ. Ẹ̀yin ẹ ṣírò rẹ̀: ǹjẹ́ ẹni tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí lè padà wọ ilé tuntun náà?

A kò sọ pé kí ìlú má kọ́ ilé. Lórí ìdọ̀tí àti lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Bàdíà sí, omi òjò sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ń fẹ́ ilé gidi. Àwọn ìdílé onílẹ̀ pàápàá ní ẹ̀dùn, nítorí ìjọba gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún wó ilé ní Bàdíà ní oṣù Kẹsàn-án 2015, ìdájọ́ tí ìdílé Ọ̀jọrà gbà ní kóòtù ni wọ́n fi gbè é. Ẹ̀kọ́ 1921 ti yí padà: ohun tó dáàbò bo àwùjọ lọ́wọ́ ìjọba ti di ohun tí à ń fi lé aládùúgbò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la ń bèèrè fún kí ètò ilé kankan tó tún dé etí omi Ajégúnlẹ̀. Èkíní, kí wọ́n pe ìpàdé gbangba ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ: Yorùbá, Ìjọ́, Ìgbò, Ùròbò, Ẹ̀gùn. Èkejì, kí wọ́n ka orúkọ ayálégbé àti onílé sílẹ̀ kí katakata tó dé, kí wọ́n sì fi ibi tí wọn yóò sùn hàn wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ojúbọ, igbó orò àti ibojì sílẹ̀, kí a má baà kọ́ yàrá lé wọn lórí.

Ẹ̀yin olóyè àti àwo tí ẹ jókòó sípò àwọn baba wa, ọwọ́ yín náà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ bu ọwọ́ lu ìwé ilẹ̀, ẹ rántí pé alámòójútó ni yín. Ajé ló gúnlẹ̀ tí wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ. Ẹ má jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.