Ọmọ Bedouin wọ fásitì tán, èdè wo ni yóò fi kàwé?

Tí wọ́n bá dárúkọ Bedouin, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ràkúnmí, àgọ́ àti iyanrìn aṣálẹ̀. Àwọn tó wà ní aṣálẹ̀ Negev, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ti tó nǹkan bí 300,000 báyìí. Lárúbáwá ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sì ni wọ́n nínú ìwé ìjọba. Títí di 1966, abẹ́ ìjọba ológun ni àwọn bàbá wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ládùúgbò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Lónìí, àwọn ọmọ wọn ń wọ fásitì. Ìlọsíwájú ni, ká má parọ́. Àmọ́ ohun tí ojú wọn ń rí níbẹ̀ kì í sábà hàn nínú ìròyìn.

Èdè ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé girama, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ Hébérù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù ni, ọmọ tó ń gbé abúlé kì í sì í ríbi sọ ọ́ tó bá ti jáde ní kíláàsì. Ọjọ́ tó bá wọ fásitì Ben-Gurion ní Beer Sheva, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, Hébérù ni lẹ́kítúrà ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé tí wọ́n ní kó lọ kà wá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní lábúlé lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún odidi sáà kan láìla ẹnu. Kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn o. Kó tó to gbólóhùn jọ tán ni ẹlòmíì ti dáhùn.

Àwọn kan á ní ṣebí Lárúbáwá tí wọ́n fi kọ́ wọn láti kékeré ló fà á. Rárá o. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti dáhùn ìyẹn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó dáńtọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè kejì ni wàhálà wà.

Ìdánwò àṣewọlé tí wọ́n ń pè ní psychometric, tó dà bíi JAMB ní Nàìjíríà, ọmọ lè ṣe é ní Lárúbáwá. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á tún ní kó lọ ṣe ìdánwò Hébérù tí wọ́n ń pè ní Yael. Owó ni lẹ́sìnnì, owó ni ọkọ̀.

Ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ tún ṣe pàtàkì. Ìlú méje ni ìjọba kọ́ fún àwọn Bedouin, Rahat ló sì tóbi jù. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, nǹkan bí abúlé 35 wà tí ìjọba kò kà sí abúlé rárá. Kò síná ìjọba, kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí títì ọlọ́dà, katapílà sì lè dé nígbàkígbà wá wó ilé. Al-Araqib nìkan, wọ́n ti wó o ju ìgbà 200 lọ. Ní 2005, àwọn ọmọbìnrin láti agbègbè Abu Tlul, pẹ̀lú àjọ Adalah, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lórí ilé-ìwé girama, torí èyí tó wà jìnnà débi pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń jókòó sílé. Ìjọba ṣèlérí ilé-ìwé náà fún 2009.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bedouin ní Ísírẹ́lì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sarab Abu-Rabia-Queder, tí wọ́n mọ̀ sí obìnrin Bedouin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ti ṣèwádìí nípa àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ohun tó rí ni pé ojú gbogbo ẹbí wà lára wọn. Obìnrin tó bá pàdé ọkùnrin ẹ̀yà mìíràn ní fásitì, tó sì fẹ́ fẹ́ ẹ, ó mọ̀ pé àwọn àbúrò òun obìnrin lè tìtorí rẹ̀ pàdánù ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ gbé ìfẹ́ náà mì.

Tí wọ́n bá ṣe tán, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń gba ọ̀pọ̀ wọn, torí ó sún mọ́lé, ẹbí sì fọwọ́ sí i. Àwọn tí Hébérù tàbí psychometric bá dí lọ́nà máa ń gba Hebron ní Ìwọ̀-Oòrùn Jọ́dánì lọ, níbi tí wọ́n ti lè kàwé ní Lárúbáwá. Ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn aṣòfin kan gbéra láti dí: wọ́n gbé àbá òfin wá sí Knesset kí ẹni tó gboyè ní fásitì àwọn ará Palẹsítínì má lè ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ísírẹ́lì. Tí kò bá sí Hebron, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ Negev?

Ogun tún wá dá kún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2023, Hamas pa àwọn Bedouin, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sí abúlé tí kò ní ibi ìsápamọ́ kankan. Lẹ́yìn èyí náà, àwọn fásitì bẹ̀rẹ̀ sí í pe akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí nítorí ohun tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì tẹ́lẹ̀ wá pa ẹnu mọ́ lórí fóònù pẹ̀lú.

Ètò ìrànwọ́ wà o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sapir ní ètò ìgbaradì fún àwọn ọmọ Bedouin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gangan, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Hébérù tí wọ́n ń lọ kọ́ níbẹ̀, gbèsè tí girama ìjọba jẹ wọ́n ni. Ní 2017, ìjọba fọwọ́ sí ètò ọlọ́dún márùn-ún, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 owó ṣékélì, fún àwọn Bedouin Negev. Àwọn ìlú tí ìjọba mọ̀ ni ètò náà dojú kọ jù. Abúlé 35 yẹn kò sí nínú wọn.