Ta Ló Kó Oyin Yìí? Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Gbogbo Ará Yewa lórí Oyin Àbùlà

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlaró, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ, Ọjà-Ọ̀dàn, Ìpókíá àti Ìdírókò, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ìwé yìí gbé wá: kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta oyin mọ́ ní ilẹ̀ Yewa láìsí orúkọ ẹni tó kó o, ibi tó ti kó o àti oṣù tó kó o lára ìgò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Oyin kì í ṣe ọjà lásán láàárín wa. Òun la fi ń wúre fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ. Bí ikọ́ bá ń dà wá láàmú, òun la ń wá. Oníṣègùn ń fi í po ẹ̀bu, àwọn mìíràn ń fi í sí ojú egbò. Ẹni tó bá da iyanrìn mọ́ gààrí, olè ni. Ẹni tó bá ta ṣúgà sísè lórúkọ oyin fún ẹni tí ara rẹ̀ ò dá, iṣẹ́ ibi rẹ̀ ju olè jíjà lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n ti sọ fún pé oyin ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Irọ́ ni, nítorí ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ojúlówó oyin gan-an, dókítà nìkan ló sì yẹ kó sọ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè fẹnu kàn án. Ẹ wá ro ti ẹni tó gba irọ́ yẹn gbọ́, tó tún bọ́ sọ́wọ́ ayédèrú: ṣúgà inú ìkòkò ló ń mu láràárọ̀, tó ń pè é ní oògùn.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ ọmọ tuntun, ó yẹ ká sọ èyí pẹ̀lú. Àwọn dókítà ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin rárá, ì báà jẹ́ ojúlówó, nítorí irú kòkòrò àrùn kan tó lè wà nínú rẹ̀, tí ìfun ọmọ ọwọ́ ò lágbára láti kojú. Kí bàbá, ìyá àti àgbà ilé tọ́ oyin ìkómọ wò lórúkọ ọmọ. Àdúrà náà á gbà. Kí ìkìlọ̀ yìí sì wà lára gbogbo ìgò.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe ayédèrú náà nìyí. Wọ́n á da ṣúgà sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e kaná títí á fi yọ́ tí á sì pọ́n dáadáa. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, nítorí kíkan ọsàn náà kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dì padà. Bó bá tutù, wọ́n á bu ojúlówó oyin díẹ̀ lé e kó lè ní òórùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ju ègé afárá kan àti òkú kòkòrò oyin bíi méjì sínú ìgò. Ègé afárá yẹn gan-an ló ń ta ọjà. Oníbàárà á rí i, á ní, "Inú igbó lèyí ti wá," á sì sanwó.

Àwa náà ní ọgbọ́n tí a rò pé a fi ń dá a mọ̀. A ń ti ìṣáná bọ oyin ká tó ṣá a. Bó bá gbiná, a ní ojúlówó ni. A ń kán an sínú omi, ká wò bóyá yóò rì tààrà sísàlẹ̀. A ń kán an sílẹ̀, ká wò bóyá èèrà á sún mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe é gbọ́kàn lé. Ṣúgà tí wọ́n sè tó ki dáadáa á rì bí oyin ṣe ń rì, ìṣáná á sì gbiná lára rẹ̀ nítorí omi rẹ̀ kò pọ̀. Èèrà a sì máa jẹ oyin gidi bó bá rí i. Ti oyin tó dì ló wá burú jù. Oyin gidi a máa dì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Irú òdòdó tí àwọn kòkòrò oyin jẹ ló ń sọ bó ṣe máa yá dì sí. Síbẹ̀, bó bá ti dì, oníbàárà á gbé e padà fún ẹni tó tà á pé ṣúgà ló dà sí i. Ayédèrú tí wọ́n fún ọsàn sí ò dì, òun la wá ń yìn. Báyìí la ṣe ń fìyà jẹ olóòótọ́ pẹ̀lú owó àpò wa.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ wo iṣẹ́ ẹni tó ń sin oyin. Á kan àpótí, á fi ìda ra á nínú, á gbé e sábẹ́ ibòji, á máa dúró de oyin tí yóò wọ̀ ọ́. Òmíràn ò ní wọ̀ láéláé. Ìjàlọ lè ya bò ó lóru ọjọ́ kan kí gbogbo wọn sá lọ. Iná pápá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jó o kanlẹ̀. Bí afárá bá kún, kò ní kánjú. Á dúró kí àwọn oyin fi ìda bo ojú ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí ìgbà yẹn ni omi inú rẹ̀ tó gbẹ dé ìwọ̀n. Ìlànà Codex Alimentarius, tí àjọ FAO tó ń rí sí oúnjẹ àti àjọ WHO tó ń rí sí ìlera jọ ń bójú tó fún gbogbo ayé, sọ pé omi inú oyin kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ nínú 100, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kún ohun tó bá pè ní oyin. Èyí tí wọ́n bá kó ní tútù, yóò máa hó nínú ìgò, yóò sì kan. Olóòótọ́ yìí wá gbé oyin rẹ̀ dé ọjà, ó bá èyí tí wọ́n sè nírọ̀lẹ́ àná níbẹ̀ ní ìdajì owó. Bí kò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bù ú là. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣe é fi jáfara.

Irọ́ tún wà nípa ibi tí oyin ti wá. Ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Benin pààlà; ẹbí kan náà ló wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ọjà sì ń lọ, ọjà ń bọ̀. Kò sí aburú kankan nínú oyin tó bá ti Kétu lọ́hùn-ún wá. Aburú ni kí wọ́n rọ oyin tẹ́nìkan ò mọ orírun rẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n wá kọ Ìmẹ̀kọ sí i lára.

Àwọn kan á ní kí ìjọba sáà gbé oyin lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àyẹ̀wò dára, àmọ́ kò tó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kán oyin sí, tí wọ́n á gbé sójú láti ka iye omi inú rẹ̀. Ó ń mú ẹni tó da omi sí oyin. Ẹni tó se ṣúgà ki a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò tó gbówó lórí jù ú lọ lè rí ṣúgà ìrèké àti ti àgbàdo nínú oyin. Ni àwọn oníjìbìtì òkè òkun bá yí sí omi ṣúgà tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, tí àyẹ̀wò yẹn ò rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde: nínú oyin 320 tí wọ́n yẹ̀ wò nínú èyí tó ń wọlé láti òkè òkun, 147 ló mú ìfura dání. Mẹ́wàá ló ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì kùnà. Ní 2024, Apimondia, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin oyin káàkiri ayé, kéde pé kò ní sí ìdíje oyin níbi àpérò wọn ti 2025 ní Copenhagen, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè yẹ gbogbo oyin náà wò bó ti yẹ. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ohun tí Yúróòpù wá ṣe lọ́dún 2024 yẹn kan náà ni pé wọ́n ṣòfin kí orúkọ orílẹ̀-èdè tí oyin ti wá hàn lára ìgò, pẹ̀lú ìwọ̀n èyí tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Orúkọ ni wọ́n sá di.

Àwa ò ní láti rìn jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ. Ẹ bi àwọn àgbà tó gbin kòkó. Kò sí àpò kòkó tó ń lọ sókè òkun tí olùyẹ̀wò ìjọba kì í yẹ̀ wò. Á bu hóró jáde nínú àpò, á fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, á ya èyí tó bu sọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tí kò gbó. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi èdìdì sí ẹnu àpò, àmì tó wà níbẹ̀ á sì sọ ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn baba wa kùn sí i, torí àwọn olùyẹ̀wò mìíràn le, àwọn mìíràn sì ń gba ẹ̀gúnjẹ. Síbẹ̀ ọ̀bẹ yẹn ló fún kòkó wa lórúkọ rere. Àwọn olùyẹ̀wò irè oko ṣì wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ títí dòní. A ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n fi oyin kún iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti Àríwá Yewa àti Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n.

Òfin kò ṣàì sí. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ti pàṣẹ pé kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe oúnjẹ inú ìgò wà lára rẹ̀. Nígbà tí Dora Akunyili di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ ní 2001, ayédèrú oògùn ti kún ọjà wa ju oyin àbùlà lọ, ó sì gbéjà kò ó. Ohun tó ṣeé ṣe fún oògùn ṣeé ṣe fún oyin.

A mọ̀ pé àwọn tó ń sin oyin á ní, "Níbo la ti fẹ́ rówó gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tó ní àpótí díẹ̀ lóko kò lè dá a ṣe. Kí wọ́n para pọ̀ ṣe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹgbẹ́ gba nọ́ńbà kan, kí orúkọ olúkúlùkù sì wà lára ìgò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ, ìlú àti oṣù kò ní láti dúró de nọ́ńbà. Owó bébà, gọ́ọ̀mù àti bírò nìkan ló máa ná ènìyàn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ayétòrò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Poli ní 1979 wà ní Ìlaró. A ń bẹ wọ́n kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ kékeré yẹn wá sọ́jà nígbà tí wọ́n bá ń kó oyin, kí ẹni tó bá fẹ́ ta tàbí fẹ́ rà lè mọ iye omi inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ ní àṣẹ lórí ìsọ̀ ju ọlọ́pàá lọ: ẹ má fún oyin tí kò lórúkọ láyè. Olú Ìlaró, Aláyé Ayétòrò, Onímẹ̀kọ, ẹ̀yin kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohùn yín tì í.

Ìwọ tó fẹ́ ra oyin lọ́la, fi ìṣáná rẹ sílẹ̀. Bi ẹni tó ń tà á léèrè: ta ló kó o, níbo, oṣù wo? Bí kò bá lè dá ọ lóhùn, má rà á. Bó bá dárúkọ ẹni náà, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì padà lọ bá a bí oyin náà bá já ọ kulẹ̀.