Ilé Ìfowópamọ́ Tí Kò Ní Owó Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú gírámà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ bá àwọn báǹkì ilẹ̀ wa rò, mo sì fẹ́ kí ẹ jókòó gbọ́ ọ.

Ilé ìfowópamọ́ ni a ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni "ì-", "fi owó pamọ́" sì ni àpólà ìṣe tí ó so mọ́. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà lo "fi pamọ́". Bí ìyá bá fi oúnjẹ pamọ́ de ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé, ó bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ọmọ bá dé, oúnjẹ yóò jáde. Bí olè bá fi ẹrù pamọ́, ńṣe ni ó gbé e sá fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí àwọn àgbà fi orúkọ yìí pe báǹkì, ìtumọ̀ kìíní ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìtumọ̀ kejì ni ará Èkó fojú rí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, tí ó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ ìrísí ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ó ní nínú owó tírílíọ̀nù ₦3.23 tó wà nílùú, tírílíọ̀nù ₦2.73 ni kò sí nínú báǹkì rárá. Owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé owó àtijọ́ yóò di bébà lásán. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Wọ́n kó ti àtijọ́ wọlé, wọn kò sì rí tuntun tó láti fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, owó tó wà nílùú kò pé tírílíọ̀nù kan mọ́. Ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n sì kọlu báǹkì. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà.

Bí ẹ bá bi àwọn báǹkì léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Báǹkì Àpapọ̀ ni kò fún wa lówó." N kò sọ pé irọ́ ni. Ẹ̀bi Báǹkì Àpapọ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ilé-ẹjọ́ sì ti sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti ọjọ́ ìkéde títí di ọjọ́ kìíní tí wọ́n dá, ọjọ́ 97 ni. Kì í sì í ṣe ohun tí ojú kò rí rí: ní oṣù kẹrin ọdún 1984, Muhammadu Buhari kan náà ni olórí ìjọba ológun nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ náírà, tí ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí ni ilé-iṣẹ́ tí owó jẹ́ ọjà rẹ̀ fi ọjọ́ 97 ṣe? Ìwé ìkìlọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lórí fóònù, ni púpọ̀ nínú wa rí gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni Lafiaji. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé Lafiaji kò jìnnà sí owó. Bí ènìyàn bá gbéra níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé Tinúbú, níbi tí Báǹkì Àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, kọ́ ilé rẹ̀ ní Èkó sí. Bí ó bá tún sún síwájú díẹ̀, Màrínà nìyẹn, tí olú-iléeṣẹ́ First Bank àti ti Wema wà. Iléeṣẹ́ tó ń tẹ náírà pàápàá ní ẹ̀ka ní Victoria Island, ní òdìkejì omi. Láàárín ibi tí wọ́n ti ń tẹ owó àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà Sandgrouse ń wo ẹja wọn bí ó ṣe ń rọ̀, nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á kò ní owó lọ́wọ́. Ẹja kò mọ ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ yóò jókòó. Àwọn ẹlẹ́ja kan gbà kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì wọn, wọ́n gbé ẹja fún oníbàárà, owó kò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó ní oníbàárà tí ó mọ̀ dáadáa ta àwìn fún un. Ẹni tí kò ní, ó gbé ẹja rẹ̀ padà sílé.

Ẹ tún gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èdè wa nígbà náà, nítorí iṣẹ́ mi ni. "Ọ̀wọ́n" nínú Yorùbá ní ojú méjì: ohun tí kò wọ́pọ̀ ni ọ̀wọ́n, ohun tí iye rẹ̀ ga náà ni ọ̀wọ́n. Epo bẹtiróòlù ni a sábà máa ń sọ pé ó di ọ̀wọ́ngógó. Ní ọdún 2023, owó fúnra rẹ̀ di ọ̀wọ́ngógó, ojú méjèèjì ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "mo fẹ́ lọ ra owó". Lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, àwọn kan ń gba ₦2,000 tàbí ₦3,000 lórí ₦10,000. Àwọn ọmọ èdè kò ṣe àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn náà. Ọjà ni owó dà, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Níbo ni oní-POS ti rí owó tí báǹkì kò rí? Ìbéèrè yìí ni n kò tíì gbọ́ ìdáhùn gidi sí. Díẹ̀ nínú wọn gbà á lọ́wọ́ àwọn oníbọtíìnì ilé epo àti àwọn ọlọ́jà tí kò kó owó lọ sí báǹkì mọ́. Èyí yé mi. Ṣùgbọ́n owó tuntun tí a rí nínú okùn bébà báǹkì, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà òde àríyá? Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka títa náírà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń tà á kò tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àná ni mò ń tú. Kì í ṣe ti àná. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Báǹkì Àpapọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù ₦150 lé báǹkì mẹ́sàn-án lórí, ìkọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé ẹ̀rọ ATM wọn kò pọ owó fún aráàlú ní àsìkò ọdún. Ta ni kò mọ ìgbà tí Kérésìmesì ń bọ̀? Ọjọ́ kan náà ni ó ń jẹ́ lọ́dọọdún.

Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́, yóò sọ pé ayé ti lajú, kí gbogbo wa máa fi fóònù náwó. Ẹ fara balẹ̀. Ìgbà tí owó bébà wọ́n ní 2023 gan-an ni fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù dẹnu kọlẹ̀, nítorí pé gbogbo ayé ya lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dàrú ní àwọn báǹkì kan níbí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, iná lọ ní Sípéènì àti Pọ́túgà, ẹni tó ní owó lápò ni ó rí oúnjẹ rà. Orílẹ̀-èdè Sweden, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa owó bébà tì, ti ṣòfin pé kí àwọn báǹkì ńlá ibẹ̀ má ṣe dáwọ́ gbígba owó àti sísan owó lówó dúró. Àwa tí iná wa kò dúró sójú kan ni a wá fẹ́ sáré jù wọ́n lọ.

Kí ni mo ní kí àwọn báǹkì ṣe? Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní iye owó kan tí kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù ú lọ, kí iye náà sì máa ga bí ọdún, ìdìbò tàbí òpin oṣù bá ti ń súnmọ́. Kí wọ́n máa kó ₦50, ₦100 àti ₦200 pamọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ₦1,000 nìkan tí ó yá wọn lára láti kó sínú ẹ̀rọ. Ọ̀wọ́n ṣéńjì ló ń kọ́kọ́ pa ọjà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi ni pé kí owó ọjà máa yí po nínú ọjà. Ní Balógun, Ìdúmọ̀tà àti Òkè Àrín, owó ń wọlé sí báǹkì lójoojúmọ́. Ní àdúgbò bí Lafiaji, owó ni àwọn ènìyàn ń wá gbà. Bí báǹkì A bá ní ẹ̀ka ní Balógun, tí báǹkì B sì wà ní Lafiaji, èéṣe tí ọkọ̀ akówó yóò fi kó owó A lọ sí ibi ìkówópamọ́ ńlá, kí B tó lọ tọrọ nínú rẹ̀ níbẹ̀? Kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nísinsìnyí, nígbà tí ara rọ̀, pé wọn yóò máa ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Bí owó kò bá tó ńkọ́? Kí òfin pípín in ti wà lára ògiri kí ọjọ́ náà tó dé: iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àti pé arúgbó, aláìsàn àti olówó ìfẹ̀yìntì ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ibi tí kò bá sí òfin, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni owó ń gbà jáde.

Láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún títí di ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1970, àwọn báǹkì ńlá ní Ireland ti ilẹ̀kùn nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ìlú kò parun. Àwọn ènìyàn ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ara wọn, àwọn ọlọ́tí àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n mọ oníbàárà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń mọ ẹni tí a lè gba tirẹ̀ gbọ́. Ìmọ̀ yìí ni alájọ wa ní. Ẹ rántí Alájọ Ṣómólú, Alphaeus Ọlúnáíkè, tí gbogbo Yorùbá fi orí pípé rẹ̀ pòwe, tí wọ́n ní ó ta mọ́tò, ó sì fi ra kẹ̀kẹ́. A máa ń rẹ́rìn-ín sí kẹ̀kẹ́ náà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ó ń wọ kọ́ọ̀rọ̀. Báǹkì tó bá fẹ́ la ìyàn owó já ní Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ ti mọ ìyálọ́jà àti àwọn alájọ àdúgbò tipẹ́, kí ó ti bá wọn ṣe àdéhùn lórí ẹni tí ìwé àwìn rẹ̀ yóò jẹ́ títí owó yóò fi dé.

Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2023, òní ni ẹ ó gbọ́ pé wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú, ọ̀la ni ẹ ó gbọ́ pé ₦500 àtijọ́ kò jẹ́ níná mọ́. Àhesọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí báǹkì kọ̀ láti ṣe. Mo bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ ní báǹkì kan, ó ní kò sí ẹni tó lè túmọ̀ ìkéde wọn. Ní Èkó! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ń jáde ní yunifásítì lọ́dọọdún, wọ́n ń wá iṣẹ́ kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àkáǹtì, ẹ lọ sí ẹ̀ka yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta ní Yorùbá: ọjọ́ mélòó ni owó tó wà níbí lè gbé wa bí Báǹkì Àpapọ̀ kò bá gbé òmíràn wá? Ta ni yóò kọ́kọ́ gbà? Níbo ni ẹ kọ ọ́ sí? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.